Wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ omi iyọ̀, edé bá a lọ: Ìtàn bí dáàmù odò Senegal ṣe sọ àtọ̀sí ajá di àrùn ojoojúmọ́

Ní oṣù Kínní ọdún 1988, àwọn oníṣègùn ní ìlú Richard-Toll, ní àríwá orílẹ̀-èdè Senegal, rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ní agbègbè náà rí.

Nínú ìgbẹ́ àwọn aláìsàn tí wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n bá ẹyin aràn kan tó máa ń fi iṣan ẹ̀jẹ̀ ìfun èèyàn ṣe ilé. Ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn aràn tó ń fa àìsàn bilharzia, èyí tí Yorùbá ń pè ní àtọ̀sí ajá.

Kò tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà tí nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún ní ìlú náà fi ní i lára. Ní Ndombo, abúlé kan tí kò jìnnà síbẹ̀, ìdá 91 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn onímọ̀ bá a lára wọn.

Richard-Toll kò ṣí kúrò níbi tó wà. Àwọn obìnrin ibẹ̀ kò yí bí wọ́n ṣe ń pọnmi àti bí wọ́n ṣe ń fọṣọ padà. Àwọn ọmọdé ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ níbi tí bàbá wọn ti lúwẹ̀ẹ́.

Omi ọ̀hún gan-an ló yí padà.

Ní ọdún 1986, ìyẹn ọdún méjì ṣáájú, ni wọ́n parí dáàmù Diama ní nǹkan bí 27 kìlómítà sí ìlú Saint-Louis, níbi tí odò Senegal ti ń wọ òkun. Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ kọ́ ọ ni pé kó má jẹ́ kí omi iyọ̀ wọlé mọ́. Ó sì ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ iyọ̀ ni wọ́n tì mọ́ edé pẹ̀lú, edé yìí ló sì ń jẹ ìṣáwùrú tó ń gbé aràn náà kiri.

Odò tó ń fi ìkún omi ka oṣù

Orí òkè Fouta Djallon ní Guinea ni odò Senegal ti ń sàn wá. Ó gba Mali kọjá, ó sì di ààlà láàárín Senegal àti Mauritania, kó tó já sínú òkun Atlantic. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 1,800 kìlómítà.

Láyé àtijọ́, odò yìí kì í rí bákan náà jálẹ̀ ọdún. Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ní Guinea àti Mali, ìkún omi á sọ̀kalẹ̀, á tẹ́ lọ sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà létí odò, á sì ti omi òkun padà síta. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò á fà, omi oníyọ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun odò bọ̀ láti inú òkun.

Èèyàn àti ẹranko ló mọ ìlọbọ̀ omi yìí. Àgbẹ̀ máa ń gbin ọkà bàbà sórí ilẹ̀ tútù tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀. Fúlàní máa ń da màlúù lọ síbi tí koríko bá ti hù lẹ́yìn ìkún omi. Ẹja máa ń wọ inú pápá tí omi bò, láti lọ yé ẹyin síbẹ̀.

Edé odò náà ní ìrìn àjò tirẹ̀. Èyí kì í ṣe edé wẹẹrẹ tí wọ́n ń sá gbẹ fún ọbẹ̀. Edé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Macrobrachium vollenhovenii tóbi, ó ní ọwọ́ gígùn méjì tó fi ń di nǹkan mú, inú omi dídùn ló sì ti ń gbé.

Ṣùgbọ́n omi dídùn nìkan kò tó o. Tí abo rẹ̀ bá ti ru ẹyin, ó gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí omi odò àti omi òkun ti pàdé, torí pé àwọn ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò lè dàgbà níbi tí iyọ̀ kò bá sí rárá. Nígbà tí àwọn ọmọ náà bá gbó díẹ̀, wọ́n á tún gun odò padà sókè fúnra wọn.

Lókè odò, oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n ń jẹ. Ìṣáwùrú wà lára rẹ̀.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀

Kò sẹ́ni tó kọ́ dáàmù Diama láti fi ṣe èèyàn níbi. Àwọn tó kọ́ ọ ti rí ìyà.

Láti ọdún 1968 ni òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ní gbogbo agbègbè Sahel. Màlúù kú, oko gbẹ, ìyàn sì mú. Nítorí pé odò Senegal kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀, omi iyọ̀ ń gun un nígbà ẹ̀ẹ̀rùn dé ibi tó lé ní 200 kìlómítà sí etí òkun. Àgbẹ̀ tó ń gbé létí odò ń wo omi lójú, kò sì lè bù ú sí oko.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1972, Senegal, Mali àti Mauritania dá àjọ OMVS sílẹ̀ láti jọ máa ṣàkóso odò náà. Dáàmù méjì ni wọ́n fẹnu kò sí. Manantali ní Mali, tí wọ́n parí ní ọdún 1988, ni yóò máa tọ́jú omi òjò pa mọ́, tí yóò sì máa fi pèsè iná mànàmáná. Diama, ní ìsàlẹ̀ odò, ni yóò máa dá omi òkun dúró.

Dáàmù náà ṣe èyí tí wọ́n ní kó ṣe. Omi dídùn wà létí oko láti oṣù Kínní títí di oṣù Kejìlá. Ó ṣeé ṣe láti gbin ìrẹsì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, oko ìrèké tó wà ní Richard-Toll sì rí omi lò nígbàkigbà. Adágún Guiers, tó ń gba omi láti odò náà, ni ọ̀pọ̀ omi ẹ̀rọ tí wọ́n ń mu ní ìlú Dakar ti ń wá.

Ìdí nìyí tí kò fi sẹ́ni tó ń sọ pé kí wọ́n wó o. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n ń ka àwọn tó ń lo odò, èèyàn, oko àti iná mànàmáná ni wọ́n kà. Wọn kò ka edé.

Ilé tuntun fún ìṣáwùrú

Kí dáàmù tó dé, ìṣáwùrú tó ń gbé aràn náà kì í rí ìsinmi ní ìsàlẹ̀ odò Senegal. Iyọ̀ máa ń pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìkún omi máa ń gbá a lọ nígbà òjò, ilẹ̀ tó bá sì gbẹ kì í gbà á.

Lẹ́yìn ọdún 1986, iyọ̀ lọ. Omi dúró sójú kan, kì í fi bẹ́ẹ̀ ga, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ fà. Àwọn ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ lọ sí oko ìrèké àti oko ìrẹsì fẹ ilé rẹ̀ lójú sí i. Koríko gíga tí wọ́n ń pè ní typha bo etí odò, ewéko mìíràn sì kún abẹ́ omi. Ara ewéko wọ̀nyí ni ìṣáwùrú ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ló ń yé ẹyin sí.

Láàárín àkókò yìí kan náà ni edé ń tán lọ lókè dáàmù. Abo tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ pamọ bá ògiri lọ́nà. Ọmọ edé tó fẹ́ gòkè bọ̀ bá ògiri kan náà. Èyí tó ti wà lókè dàgbà, ó kú, kò sì sí èyí tó rọ́pò rẹ̀.

Bí ọ̀tá ìṣáwùrú ṣe lọ nìyẹn, tí ilé rẹ̀ sì gbòòrò.

Báwo ni aràn náà ṣe ń dé ara èèyàn?

Ìṣáwùrú kò ṣe èèyàn ní nǹkan kan fúnra rẹ̀. Aràn ló ń fi í ṣe ilé àdúgbélé.

Tí ẹni tó ní àrùn náà bá tọ̀ tàbí ṣu sínú omi, ẹyin aràn á pa, ọmọ tó bá jáde níbẹ̀ á sì wá ìṣáwùrú rí. Nínú ìṣáwùrú ni yóò ti máa pọ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ aràn tí ojú kò lè rí á tú síta, wọ́n á sì máa wá awọ ara èèyàn kiri nínú omi.

Kò dìgbà tí èèyàn bá mu omi náà. Kó sáà ti ki ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á gba awọ ara rẹ̀ wọlé. Irú kan á lọ jókòó síbi iṣan àpòòtọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì máa bá ìtọ̀ jáde. Irú kejì, ìyẹn èyí tó jáde ní Richard-Toll, á lọ síbi iṣan ìfun. Ó máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè mú kí ikùn wú. Ọmọdé tó bá ti ń bá a fínra lọ́jọ́ pípẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tó, ẹ̀kọ́ ilé ìwé sì máa ń nira fún un.

Àrùn àtijọ́ ni. Dókítà ọmọ Jámánì kan, Theodor Bilharz, ló rí aràn náà ní ìlú Cairo ní ọdún 1851, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ àìsàn náà. Ní ọdún 1910, Marc Armand Ruffer kéde pé òun rí ẹyin aràn yìí nínú òkú àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ tí wọ́n fi oògùn tọ́jú, èyí tó ti lé ní 3,000 ọdún.

Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni wọ́n ń pè é, ó sì ń pa aràn tó ti dàgbà nínú ara. Ṣùgbọ́n kò lè dí aràn tuntun lọ́wọ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní tí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Ọmọ tó gba oògùn láàárọ̀, tó sì padà sínú omi náà lọ́sàn-án, èkuru rẹ̀ kò lè tán.

Odò Volta ti kọ́kọ́ sọ ọ́

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ti rí igi yìí kí wọ́n tó kọ́ Diama.

Ní ọdún 1965 ni wọ́n parí dáàmù Akosombo ní Ghana. Adágún Volta tó tibẹ̀ jáde fẹ̀ tó nǹkan bí 8,500 kìlómítà níbùú lóròó, nǹkan bí 80,000 èèyàn ló sì kúrò nílé wọn nítorí rẹ̀.

Omi tó dúró sójú kan mú ewéko wá, ewéko sì mú ìṣáwùrú wá. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn abúlé kan wà létí adágún náà tó jẹ́ pé nínú ọmọdé mẹ́wàá, ó lé ní mẹ́sàn-án tó ń tọ ẹ̀jẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ dáàmù, ní apá ibi tí odò Volta ti ń wọ òkun, ẹlòmíràn ló pàdánù. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ti máa ń rì sómi láti kó ẹran oníkarahun kan tí wọ́n ń pè ní Galatea paradoxa, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n sì ń tà. Èyí náà nílò iyọ̀ díẹ̀ nínú omi kó tó lè bímọ. Nígbà tí dáàmù sọ ìkún omi di ohun tí kì í wá mọ́, tí ibi tí iyọ̀ ń dé sì yí padà, ibi tí wọ́n ti ń rí i kó dínkù gidigidi.

Bí Akosombo ṣe rí nìyẹn ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú Diama.

Ẹyẹ, ewéko àti kòkòrò tó kéré ju hóró ìrẹsì lọ

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí edé àti ìṣáwùrú nìkan.

Ní ọdún 1987, àìsàn Rift Valley fever bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Rosso ní Mauritania, ó sì pa èèyàn tó lé ní 200. Ẹ̀fọn ló ń gbé e láàárín ẹran ọ̀sìn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì so ó pọ̀ mọ́ omi tó gbilẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n sé odò náà.

Nítòsí dáàmù ni ọgbà ẹyẹ Djoudj wà, èyí tí ìjọba Senegal dá sílẹ̀ ní ọdún 1971. Ẹyẹ tó lé ní mílíọ̀nù kan ló ń lò ó, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń fò wá láti Yúróòpù nígbà òtútù. Ní ọdún 1984, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ Diama lọ́wọ́, àjọ UNESCO fi Djoudj sí orúkọ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé tó wà nínú ewu, kò sì yọ ọ́ títí di ọdún 1988.

Ní ọdún 1999, ewu mìíràn yọjú. Salvinia molesta, ewéko kan láti Brazil tó ń lékè omi bí ojú oró, bẹ̀rẹ̀ sí í bo odò náà. Iyọ̀ tí ì bá pa á kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n kó ọmọ ogun àti ará abúlé jáde láti fi ọwọ́ kó o, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kó o ló ń hù. Ní ọdún 2000, Djoudj tún padà sínú orúkọ àwọn tó wà nínú ewu.

Kòkòrò kan ló gbà wọ́n sílẹ̀. Cyrtobagous salviniae, tí kò gùn ju mìlímítà méjì sí mẹ́ta lọ, kì í jẹ ohun mìíràn ju ewéko yìí. Wọ́n kó o wá, wọ́n sì tú u sínú omi. Láàárín ọdún díẹ̀, ewéko náà ti rà dànù, ní ọdún 2006 sì ni UNESCO yọ Djoudj kúrò nínú ewu.

Ní òdìkejì odò, Mauritania gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ọgbà Diawling, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilẹ̀kùn omi láti ọdún 1994, kí ìkún omi lè tún máa wá ní àkókò tó máa ń wá tẹ́lẹ̀. Ẹja padà, ẹyẹ padà. Koríko tí àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń hun ẹní náà tún hù.

Wọ́n dá edé padà

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí wọ́n parí Diama, àwọn onímọ̀ bi ara wọn ní ìbéèrè kan tó rọrùn: tó bá jẹ́ pé bí edé ṣe lọ wà lára ohun tó fa ìyọnu, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá dá a padà?

Susanne Sokolow láti Amẹ́ríkà, Gilles Riveau tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Saint-Louis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló gbé e yẹ̀ wò. Ní abúlé kan tó wà létí omi Lampsar, wọ́n fi àwọ̀n yí ibi tí àwọn èèyàn ti ń wọ omi ká, wọ́n sì kó edé sínú rẹ̀. Ní abúlé kejì, wọn kò kó edé sí i. Àwọn ará abúlé méjèèjì ni wọ́n fún ní oògùn.

Lẹ́yìn oṣù 18, ìṣáwùrú tó ní aràn nínú ní abúlé tó ní edé ti fi nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Ẹyin aràn tí wọ́n bá lára àwọn èèyàn ibẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ìdajì èyí tí wọ́n bá ní abúlé kejì. Ọdún 2015 ni wọ́n tẹ àbájáde náà jáde.

Abúlé méjì péré kò tó láti parí ẹjọ́, àwọn onímọ̀ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Edé tí wọ́n bá sì kó sínú omi lókè dáàmù kò lè bímọ síbẹ̀, ó di dandan kí wọ́n máa kó òmíràn wá. Ṣùgbọ́n edé tó bá ti tóbi ṣeé tà, ó sì ṣeé jẹ. Lára ohun tí wọ́n tún dábàá ni pé kí wọ́n ṣe ọ̀nà kan sára dáàmù tí edé yóò lè máa gbà gun òkè.

Nígbà tó di ọdún 2023, ìwádìí mìíràn tí Jason Rohr ṣe aṣáájú rẹ̀ gba ẹ̀yìn ewéko yọ sí ìṣáwùrú. Ní àwọn abúlé kan nínú 16 ní Senegal, wọ́n ń kó ewéko abẹ́ omi kúrò níbi tí àwọn èèyàn ti ń wẹ̀, tí wọ́n sì ti ń fọṣọ. Láàárín ọdún mẹ́ta, àwọn ọmọdé tó tún kó aràn inú ìfun ní àwọn abúlé tí wọn kò ti kó ewéko lé ní ìlọ́po méjì ti ibi tí wọ́n ti kó o.

Wọn kò da ewéko náà nù. Wọ́n fi ṣe ajílẹ̀ fún oko àlùbọ́sà àti ata, ẹran ọ̀sìn sì jẹ lára rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ fún dáàmù tó ń bọ̀

Ìtàn yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1983 ni wọ́n ṣí dáàmù Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn olùwádìí sì ti bá àtọ̀sí ajá lára ọ̀pọ̀ ọmọdé láwọn abúlé tó wà létí omi rẹ̀.

Ní ọdún 2017, Sokolow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 mílíọ̀nù lágbàáyé ló ń gbé níbi tí ewu àìsàn yìí ti le sí i, nítorí pé dáàmù dí ọ̀nà edé tó ń jẹ ìṣáwùrú.

Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ṣì máa kọ́ dáàmù. Iná kò tó, omi kò tó, òjò kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Ohun tí odò Senegal kọ́ àwọn tó ń gbé létí rẹ̀ ni pé kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn omi, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wo ohun tó ń gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá, títí dórí èyí tó kéré jù.

Ní Richard-Toll, ọdún méjì péré ni wọ́n fi rí ohun tí wọn kò rí rí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí tí wọ́n ti ń wá bí yóò ṣe lọ.